Ìsanra Kì Í Ṣe Ọrọ̀: Ẹ Jẹ́ Kí Dókítà Bá Wa Gbé Ẹrù Ara Sọ̀

  

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó kọjá, nígbà tí a ń dúró de Lèmọ́mù wa, mo ṣe ohun kan tí n kò ṣe rí: mo ka iye àga tí ó wà ní ẹ̀yìn mọ́ṣáláásí wa. Mẹ́tàdínlógún ni. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, àga kan ṣoṣo ni ó ń wà níbẹ̀, ti bàbá arúgbó kan tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Nínú àwọn mẹ́tàdínlógún tí mo rí yìí, n kò rò pé márùn-ún ti pé ọgọ́ta ọdún. Àwọn ọkùnrin tí iṣẹ́ ṣì ń bẹ lọ́wọ́ wọn ni, aya mi sì sọ fún mi pé bákan náà ni ó rí ní apá ti àwọn obìnrin. Orúnkún wọn kò gba ìforíkanlẹ̀ mọ́, nítorí pé ẹrù tí orúnkún náà ń rù ti pọ̀ ju èyí tí Ọlọ́hun dá a láti rù lọ.

Ẹ má ṣe bínú sí mi. N kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Àìsàn mìíràn wà tí ó lè gbé ènìyàn sórí àga, ẹ̀sìn wa sì gba aláìsàn láàyè láti jókòó kírun. Ìdí tí mo fi ní ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ yìí ni pé èmi gan-an jókòó lórí ọ̀kan nínú àwọn àga wọ̀nyí fún ọdún méjì gbáko. Nísinsìnyí, mo dúpẹ́ fún Ọlọ́hun, mo ti padà sórí ẹní. Bí mo ṣe kúrò lórí àga, àti àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ sí ọ̀run, ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ mi kò ju èyí lọ: ẹrù ara kì í ṣe ohun tí a ń lọ sọ̀ nídìí ìsọ̀ onítíì tàbí ti alágbo. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kí á gbé e lọ, kí ó bá wa gbé e sọ̀ ní díẹ̀díẹ̀, kí ó sì kọ́ wa bí kò ṣe ní padà gùn wá lórí.

OJÚ TÍ A FI Ń WÒ Ó

Àwa Yorùbá fẹ́ràn kí ara ènìyàn máa dán. Bí oníṣòwò bá sanra, a ó ní ọjà ń yá fún un. Bí ìyàwó bá rí rọ̀bọ̀tọ̀ ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn yìgì, a ó ní ọkọ rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá rù, ìyọnu dé: àwọn kan á ní ebi ń pa á, àwọn kan á ní ọkọ kò fún un ní owó oúnjẹ, àwọn ẹlẹ́nu burúkú á ní àrùn kan tí kò gbóògùn ni ó wọ̀ ọ́ lára. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń bẹ̀rù kí wọ́n rù ju bí wọ́n ti ń bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ ríru lọ.

N kò ní kí gbogbo obìnrin wa rí tín-ín-rín bí ọwọ́n ìgbálẹ̀. Oríṣiríṣi ni Ọlọ́hun dá wa. Ṣùgbọ́n ara tí ó ń dán yàtọ̀ sí ara tí ó ti di ẹrù. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń ru iṣu láti oko wá sí ọjà jẹun dáadáa, ẹsẹ̀ wọn ni ó sì ń lo oúnjẹ náà tán. Àwa ọmọ wọn ń jẹ oúnjẹ tí wọ́n jẹ, a sì fi ẹran àti ẹlẹ́rìndòdò kún un, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ni ó ń gbé wa dé ẹnu ìsọ̀, àga ni a sì ń jókòó lé láti àárọ̀ títí di Màgàríbà. Ọmọ iṣẹ́ ni ó ń gun àkàbà lọ mú aṣọ, ọmọ iṣẹ́ ni ó ń lọ ra àmàlà wá. Bí ó bá di Sátidé, a lọ síbi yìgì. Bí ó bá di Sọ́ńdè, a lọ sí àsàlátù. Láàrin ọ̀sẹ̀, ìkómọ wà, fìdáù wà. Gbogbo ibi tí a bá dé ni wọ́n ti ń bu oúnjẹ fún wa, ojú sì máa ń ti ènìyàn láti kọ̀ ọ́. Báyìí ni ikùn ṣe ń yọ, tí a kò mọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀.

Kì í sì í ṣe ilẹ̀ tiwa nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2022, ẹnì kan nínú ènìyàn mẹ́jọ ní gbogbo ayé ni ìsanra rẹ̀ ti di àrùn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń tẹ̀lé e, àrùn ìtọ̀ ṣúgà ń tẹ̀lé e, àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ń tẹ̀lé e. Ó ń mú kí èémí máa há ènìyàn lójú oorun, irú àrùn jẹjẹrẹ kan sì wà tí ó máa ń mú àwọn tí ó sanra ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Ní ti orúnkún, àwọn tí ó ṣe ìwádìí rẹ̀ rí i pé bí ènìyàn bá dín kílò kan kù lára, nǹkan bí kílò mẹ́rin ni ó ń kúrò lórí orúnkún rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá fi ojú inú wo ohun tí kílò mẹ́wàá yóò ṣe.

KÒ SÍ ONÍṢÒWÒ TÍ KÌ Í LO ÒṢÙWỌ̀N

Ẹni tí ó bá ń fi ojú ra ọjà láìwọ̀n ọ́n yóò jẹ gbèsè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ara. Ẹ gun òṣùwọ̀n kí ẹ mọ kílò yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn gíga yín ní mítà. Ẹ fi gíga náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ wá fi ohun tí ẹ bá rí pín kílò yín. Èmi ga ní mítà 1.70. 1.70 lọ́nà 1.70 jẹ́ 2.89. Kílò 104 ni mo wọ̀n nígbà náà. Bí ẹ bá pín 104 sí ọ̀nà 2.89, ẹ ó rí 36. Àwọn dókítà sọ pé ẹni tí tirẹ̀ bá wà láàrin 18.5 sí 25 wà ní ipò tí ó dára. Láti 25 títí dé 30, ẹrù ti ń pọ̀ jù. Bí ó bá ti wọ 30, ó ti di ohun tí à ń tọ́jú bí àìsàn. Èmi ti wà ní 36, mo sì ń pe ara mi ní ẹni tí ara rẹ̀ dá.

Òṣùwọ̀n kejì wà, tẹ́ẹ̀pù télọ̀ sì tó fún un. Ẹ wọn ìbàdí yín yípo ní ìwọ̀n òkè ìdodo. Bí ti ọkùnrin bá ti ju sẹ̀ńtímítà 94 lọ, tí ti obìnrin sì ju 80 lọ, ewu ti ń pọ̀ sí i nìyẹn, nítorí ọ̀rá inú ikùn ni ó burú jù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi òṣùwọ̀n nìkan dá ara yín lẹ́jọ́. Aláboyún kì í lò ó, alágbára tí ẹran ara rẹ̀ le sì lè wúwo láìní ọ̀rá púpọ̀. Dókítà ni yóò wo gbogbo rẹ̀ pọ̀.

OHUN TÍ MO RÀ NÍ ỌJÀ

Oṣù Ṣàbáànì ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Èmi àti aya mi ti san owó Háájì. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ àáfà wá kí mi ní ìsọ̀, ó wo bí mo ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tí mo dìde láti kí i, ó ní, “Alájì, báwo ni ẹ ó ṣe rìn láàrin Sáfà àti Máríwà?” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ mọ̀ pé ọ̀nà yẹn tó nǹkan bí mítà 450, ẹ̀ẹ̀meje ni à ń rìn ín, ó lé ní kílómítà mẹ́ta, a kò tíì ka ti Káábà tí a óò yí po, àti ti Mínà àti ti Àráfà. Mo dá ara mi lóhùn pé kí oṣù mẹ́ta tó pé, n óò ti fọn.

Mo ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọdún mẹ́fà, mo sì ń lo hóró oògùn ṣúgà tí wọ́n ń pè ní glibenclamide. N kò lọ bá dókítà. Ọkùnrin kan tí ó máa ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó oògùn kiri ọjà ni mo pè. Ó ta tíì inú páálí fún mi, ó sì ta hóró oògùn inú ọ̀rá tí kò ní orúkọ kankan lára. Ó ní ọjọ́ mẹ́rìnlá péré ni ọ̀rá ikùn yóò fi yọ́ dànù. Èmi náà fi tèmi kún un: mo dín oúnjẹ kù di ife ògì kan lójúmọ́, mo sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ṣúgà lọ bí mo ti ń lò wọ́n tẹ́lẹ̀.

Láàrin ọjọ́ mẹ́sàn-án, kílò márùn-ún ti lọ. Inú mi dùn, mo ń fi han àwọn aládùúgbò bí ṣòkòtò mi ṣe ń já bọ́. Ní ọjọ́ kọkànlá, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, mo ń bá oníbàárà kan ná ọjà lọ́wọ́ ni òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bò mí. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ojú mi ṣókùnkùn. Wọ́n ní mo ń sọ ìsọkúsọ, pé mo ń pe owó tí n kò lè tà á láé. Kí ọmọ iṣẹ́ mi tó sáré dé ọ̀dọ̀ mi, mo ti ṣubú sáàrin ìgàn aṣọ. Ẹnì kan ní ẹ̀mí àìrí ni, ẹnì kan ní kí wọ́n da omi lé mi lórí. Ọlọ́hun ni ó jẹ́ kí wọ́n tètè gbé mi sínú ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn.

Nígbà tí ojú mi là, wọ́n ti ń fa omi ṣúgà sí mi lára. Dókítà tí ó dúró tì mí kò dàgbà ju àbíkẹ́yìn mi lọ. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi, ó wá bi mí pé, “Alájì, ta ni ó ní kí ẹ dín oúnjẹ kù láìdín oògùn kù?”

Mo ní, “Dókítà, ṣebí ẹ̀yin náà ni ẹ máa ń sọ pé kí á fọn.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, a ní kí ẹ fọn ni, a kò ní kí ẹ kú.”

Ó wá là á yé mi. Hóró oògùn ṣúgà yẹn dà bí agbowó òde: yálà o tà tàbí o kò tà, yóò gba tirẹ̀. Bí oúnjẹ bá wọlé, á fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Bí oúnjẹ kò bá sì wọlé, á ṣì máa fà á wálẹ̀ títí ọpọlọ kò fi ní rí èyí tí yóò lò. Ti tíì náà ńkọ́? Ewé tí ń ṣu ènìyàn ni ó wà nínú rẹ̀. Omi ara àti iyọ̀ tí ọkàn fi ń lù ni ó ń yọ dànù, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹni tí ó bá sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ń mú kí á tọ̀, bíi tèmi, ọ̀nà méjì ni omi ara rẹ̀ ń gbà jò. Kílò márùn-ún tí mo ń fi yangàn, omi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ní ti hóró oògùn aláìlórúkọ, ó ní kò sí ẹni tí ó lè mọ ohun tí wọ́n pò sínú rẹ̀. Oògùn kan wà tí ń jẹ́ sibutramine, tí wọ́n ti ń fi dín ìsanra kù rí. Ní ọdún 2010 ni wọ́n yọ ọ́ kúrò lọ́jà ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà nítorí pé ó lè fa àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Síbẹ̀, láti ìgbà náà wá, ìjọba Amẹ́ríkà ti bá a lọ́pọ̀ ìgbà nínú àwọn oògùn tí àwọn ọ̀jẹ̀lú ń tà pé ewé lásán ni. Ẹ̀yin ará, ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Bí a bá fẹ́ ra ohun tí a óò gbé mì, ẹ jẹ́ kí á wo ẹni tí ó ń tà á, kí á sì wo nọ́ḿbà NAFDAC lára rẹ̀.

IṢẸ́ TÍ DÓKÍTÀ ṢE

Mo sún Háájì mi sí ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n Ọlọ́hun kò ní kí á fi ẹ̀mí wa tàfàlà. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ gidi bẹ̀rẹ̀.

Ní àkọ́kọ́, dókítà bi mí ní ìbéèrè bí adájọ́: kí ni mo ń jẹ, ìgbà wo ni mo ń jẹ ẹ́, ṣé mò ń hanrun lójú oorun, ṣé ìyá mi sanra, oògùn wo ni mò ń lò. Ó ní oògùn pàápàá wà tí ń mú kí ènìyàn sanra. Ó gba ẹ̀jẹ̀ mi láti wo ṣúgà, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti kókó ọ̀fun. Lẹ́yìn èyí, ó gba glibenclamide lọ́wọ́ mi, ó fún mi ní metformin, tí kì í fa ṣúgà wálẹ̀ jù bí a bá lo òun nìkan.

Lẹ́yìn náà ni ó dárúkọ ohun tí à ń lépa. Mo rò pé yóò ní kí n di kílò 70. Ó ní rárá, mẹ́wàá ni kí n kọ́kọ́ dín kù, ní oṣù mẹ́fà. Ó ní bí ènìyàn bá dín ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá kù nínú ọgọ́rùn-ún kílò rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ìlàjì kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ ti tó. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Obìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìmọ̀ oúnjẹ ni ó jókòó ti èmi àti aya mi. Kò ní kí n má jẹ oúnjẹ ilẹ̀ wa. Àmàlà mẹ́rin di ọ̀kan, ẹ̀fọ́ ni ó gba ibi tí àwọn mẹ́ta tó kù fi sílẹ̀. Ẹ̀wà àti ẹja wọlé, ẹran ọlọ́ràá jáde. Ṣíbí ni wọ́n fi ń wọn epo sínú ọbẹ̀ wa báyìí, kì í ṣe pé wọ́n ń dà á láti inú kẹ́ẹ̀gì. Ẹlẹ́rìndòdò kò wọ ilé mi mọ́, omi ni à ń mu. Fún ìrìn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi bẹ̀rẹ̀ nítorí orúnkún mi, títí ó fi di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Mò ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ kírun Súbùhì, mo sì ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kí ó tó dé ọjà.

Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mò ń padà lọ. Wọn á wọ̀n mí, wọn á wo ẹ̀jẹ̀ ríru, wọn á wo ṣúgà, bí ara mi sì ti ń fúyẹ́ ni dókítà ń dín oògùn kù. Ibí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ mi wà. Alágbo kò lè ṣe èyí. Tíì inú páálí kò lè mọ̀ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó bá kílò 104 mu ti le jù fún kílò 94. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kílò 94 ni mo wọ̀n. Lójú ẹni tí ó ń wo ojú lásán, mo ṣì sanra. Ṣùgbọ́n hóró oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mẹ́ta ti di ẹyọ kan, orúnkún mi sì ti padà gba ẹní. Nígbà tí ó di ọdún kejì, ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn láàrin Sáfà àti Máríwà, n kò gun kẹ̀kẹ́ aláìsàn.

Kì í ṣe tèmi nìkan ni mo fi ń ṣe ẹ̀rí. Ìwádìí ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2002 lórí àwọn tí ṣúgà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú. Wọ́n ní kí wọ́n dín ìdá méje kù nínú ọgọ́rùn-ún kílò wọn, kí wọ́n sì máa rìn fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Iye àwọn tí ṣúgà mú nínú wọn fi ìdá 58 nínú 100 dín sí ti àwọn tí wọn kò ṣe é. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Sìkọ́tíláǹdì, òmíràn jáde ní 2017, tí wọ́n pè ní DiRECT. Àwọn tí ṣúgà mú láìtíì ju ọdún mẹ́fà lọ ni wọ́n fi oúnjẹ kékeré tí wọ́n wọ̀n tọ́jú, lábẹ́ ojú àwọn nọ́ọ̀sì àti onímọ̀ oúnjẹ. Lẹ́yìn ọdún kan, ìdá 46 nínú 100 wọn ni ṣúgà ti fi sílẹ̀ láìlo oògùn. Ẹ fi etí sí i o: ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ náà gan-an ni wọ́n dá oògùn ṣúgà wọn dúró. Ohun tí èmi kò ṣe nìyẹn, tí mo fi ṣubú.

ABẸ́RẸ́ TUNTUN

Àwọn ọmọ wa ti ń gbọ́ nípa abẹ́rẹ́ semaglutide, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún ìsanra ní ọdún 2021. N kò ní parọ́ mọ́ ọn. Oògùn gidi ni. Ó máa ń dín ebi kù, nínú ìwádìí rẹ̀ ní 2021, àwọn tí ó lò ó fún ọ̀sẹ̀ 68 dín nǹkan bí ìdá 15 kù nínú ọgọ́rùn-ún kílò wọn. Ṣùgbọ́n ó ń fa èébì àti inú rírun, ó lè fa òkúta inú òróòro, aláboyún kò sì gbọdọ̀ lò ó. Owó rẹ̀ pọ̀, inú ẹ̀rọ amómitutù ni wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ sí kí á tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Báwo ni ẹni tí ó ń tà á lórí fóònù ṣe tọ́jú tirẹ̀? Ní oṣù Júùnù 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé ayédèrú rẹ̀ ti wọ ọjà ní Bùràsíìlì, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà. Bí ó bá lè wọ ibẹ̀, kí ni yóò dí i lọ́nà ọ̀dọ̀ wa? Bí dókítà bá rí i pé ó yẹ yín, kí ó kọ ọ́ fún yín, kí ó sì máa ṣọ́ yín. Bí kò bá kọ ọ́, ẹ má ṣe fi abẹ́rẹ́ dán ara yín wò.

KÍ Ó MÁ BAÀ PADÀ

Títa ọjà kò le tó kí owó dúró lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni dídín ara kù rí. Ẹni tí ó bá fọn, ara rẹ̀ yóò máa bá a jà: ebi yóò máa pa á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, oúnjẹ tí ara ń lò yóò sì dín kù, bí ẹni pé ara ń wá ẹrù rẹ̀ tí ó sọnù. Nígbà tí wọ́n dá abẹ́rẹ́ yẹn dúró fún àwọn kan, láàrin ọdún kan ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n dín kù ti padà, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí 2022 ti fi hàn. Nítorí náà, kò sí ìgbà tí a óò ní ó ti tán. Èmi ń gun òṣùwọ̀n ní gbogbo òwúrọ̀ Jímọ̀ kí n tó wẹ̀. Bí ó bá fi kílò méjì lé, n kì í dúró kí ó di mẹ́wàá.

Ẹ wo Rámádáànì. À ń gba ààwẹ̀ láti Súbùhì títí di Màgàríbà, ṣùgbọ́n bí a bá ti ṣínu, a ó kó oúnjẹ ọ̀sán lé ti alẹ́: àkàrà, ògì oníṣúgà, ìrẹsì, iyán, ẹlẹ́rìndòdò. Ọ̀pọ̀ wa ni ó ń fi ààwẹ̀ sanra. Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé kọ̀ fún wa láti ṣe àṣejù nínú jíjẹ àti mímu. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sì kọ́ wa láti pín ikùn sí mẹ́ta: ti oúnjẹ, ti omi, ti èémí. Àwa ti gba ti omi àti ti èémí fún àmàlà. Ẹni tí ó bá sì ń lo oògùn ṣúgà tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó lọ rí dókítà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ṣáájú ààwẹ̀, kí ó lè tún oògùn rẹ̀ tò. Bí dókítà bá ní kí ó má gbà á, kí ó rántí pé Ọlọ́hun tí ó pàṣẹ ààwẹ̀ náà ni ó yọ̀ǹda aláìsàn.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ Á ṢE

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn á ní bí Ọlọ́hun ṣe dá àwọn nìyẹn. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: dókítà sọ fún mi pé ìsanra máa ń wà nínú ìdílé, kì í ṣe ọ̀jẹun nìkan ni ó ń sanra. Nítorí náà ni kò ṣe yẹ kí á máa bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru náà máa ń wà nínú ìdílé, a sì ń tọ́jú rẹ̀. Àwọn mìíràn á ní owó dókítà pọ̀. Fún alájàpá tí èrè rẹ̀ kò tó nǹkan, òótọ́ ni, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń ra aṣọ ẹbí lóṣooṣù, ẹ jẹ́ kí á tijú.

Mo ní àbá mẹ́ta. Èkíní, kí mọ́ṣáláásí àti ẹgbẹ́ àsàlátù kọ̀ọ̀kan ra òṣùwọ̀n kan àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, kí àwọn nọ́ọ̀sì tí ó wà láàrin wa máa wo ará ní Sọ́ńdè kan lóṣù, kí wọ́n sì fi ìwé darí ẹni tí tirẹ̀ bá ti kọjá ààlà lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Kí àpò ẹgbẹ́ ran aláìní lọ́wọ́ láti gba káàdì, sàráà ni. Èkejì, níbi yìgì àti fìdáù, kí á fi omi síwájú àlejò kí á tó gbé ẹlẹ́rìndòdò, kí á má sì bínú sí ẹni tí ó bá ní àwo kan ti tó òun. Ẹ̀kẹta, kí àwọn Ìyálọ́jà àti Bàbálọ́jà má ṣe gba àwọn olóògùn aláìlórúkọ láàyè mọ́ nínú ọjà. Bí a ṣe ń lé ẹni tí ó ń ta ayédèrú aṣọ, kí á lé ẹni tí ó ń ta ayédèrú ẹ̀mí.

Ẹ̀yin àáfà wa, ẹ bá wa fi í ṣe wàásù. Ẹ̀yin ọkọ, bí aya yín bá ń rìn láàárọ̀, ẹ bá a rìn. Ẹ̀yin aládùúgbò, bí ẹ bá rí ẹni tí ó rù díẹ̀, ẹ bi í léèrè àlááfíà kí ẹ tó fi ẹnu bà á jẹ́. Èmi rántí ohun tí wọ́n sọ nípa mi ní ọjà: wọ́n ní mo ti wọko gbèsè. Aya mi ni ó dá wọn lóhùn pé gbèsè oúnjẹ ni mo ń san.

Àwọn àga mẹ́tàdínlógún yẹn ṣì wà ní ẹ̀yìn mọ́ṣáláásí. Mo mọ orúkọ púpọ̀ nínú àwọn tí ń jókòó lórí wọn, ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n. Mo fẹ́ kí á tún jọ máa to sàfù pọ̀, èjìká sí èjìká, lórí ẹní. Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlááfíà tí a óò fi sìn Ín, kí Ó sì fún wa ní ọgbọ́n láti tọ́jú ara tí Ó fi ṣọ́ wa lọ́wọ́. Àmín.